Bàbá Tó Ń Wọn Koríko Létí Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Bàbá wa àgbà jẹ́, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti bá wọn rìn lọ sóko rí. Kò sí ẹni tó bá Bàbá débẹ̀ lásìkò. Wọ́n á dúró níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga tuntun, wọ́n á dúró níbi tí ògiri ti wó, wọ́n á dúró níbi tí àgbàrá ti ya ojú ọ̀nà sí méjì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bu ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò rún un, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á fi kan ahọ́n. Ìyá àgbà a máa sọ pé ilẹ̀ tí ọkọ òun ti jẹ ju iyán tí òun gún fún wọn lọ. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n sẹ́yìn ilé wa ní Ìwó, nígbà tí a ń dúró de ìrun Alásàárì, mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bu díẹ̀ nínú ilẹ̀ tí àwọn tó gbẹ́ sàréè kó jọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dà á padà. N ò bi í ní ìdí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Làmídì lorúkọ Bàbá. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó lọ, nítorí náà ẹkún wa kò gùn. N ò ní sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí mo fojú rí nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn tí mo ń lọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àti èyí tí Sàlámátù ìyàwó wọn, Ìyá àgbà tiwa, sọ fún mi nígbà tí a bá jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá àgbà ló mọ ìtàn sọ. Ní ti Bàbá, bí o bá bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ara wọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn.

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìròyìn ayọ̀ wá, ohun tí Bàbá máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná." Wọ́n sọ ọ́ fún aládùúgbò wa tó ń yangàn pé birikilà tuntun mọ ògiri tó rẹwà fún òun. Wọ́n sọ ọ́ fún olóṣèlú tó wá ṣèlérí ọ̀dà fún ọ̀nà Kuta. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dun èèyàn jù ni ọjọ́ tí Múínátù, àbúrò bàbá mi, mú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ wá sílé. Ọkùnrin náà wọ ẹ̀wù tó ń dán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Bàbá ṣàdúrà fún un, wọ́n bá a jẹun. Nígbà tó lọ tán, Múínátù kúnlẹ̀, ó ní báwo ni ẹ ṣe rí i sí. Bàbá ní ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kó gbẹ ná. Múínátù sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní bàbá òun kì í bá èèyàn yọ̀. Ọdún kejì ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọkùnrin náà di ẹni tí Bàbá fẹ́ràn jù nínú gbogbo àna wọn, òun ló ń gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan tí Múínátù rán wọn létí ohun tí wọ́n sọ, Bàbá rẹ́rìn-ín. "Mo ní kó gbẹ ni," ni wọ́n wí, "n ò ní kó bàjẹ́."

Ohun kejì tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ wọn ni pé wọn kì í jẹ iyọ̀. Ìyá àgbà a máa bu ọbẹ̀ ti Bàbá sọ́tọ̀ kó tó fi iyọ̀ sí tiwa. Dókítà kọ́ ló ní kí wọ́n má jẹ ẹ́. Bí àlejò bá béèrè ìdí rẹ̀, Bàbá á ní, "Èyí tí mo jẹ létí òkun ò tíì tán lára mi."

Létí òkun. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ló ń padà síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lò ju ọdún díẹ̀ lọ níbẹ̀, láàárín àwọn ọdún tí òmìnira ò tíì dé. Bàbá kàwé jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, gbogbo ará ilé sì rò pé wọn yóò padà wá máa yẹ kòkó wò ní àyíká Ìwó bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ gbà wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n lọ sí abúlé kan lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, níbi tí omi òkun ti ń wọ inú àbàtà tó sì ń padà sẹ́yìn lójoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ kí Bàbá bá ọ̀gá kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wo ohun tó wà nínú ilẹ̀ oníyọ̀ náà àti ohun tó lè hù níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wọn, Alfa Búráímọ̀, ni kò fẹ́. Alfa yìí ló tọ́ Bàbá dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, gbogbo àgbègbè sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó pe Bàbá jókòó, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Bàbá ní wọn ò gbin nǹkan kan. Ó ní kí wá ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe. Bàbá, tí kò mọ irọ́ pa, ní àwọn máa gé koríko, àwọn máa sá a gbẹ, àwọn máa wọ̀n ọ́n. Alfa wo àbúrò rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ kejì, orúkọ tuntun ti tàn ká àdúgbò. Títí mo fi dàgbà, mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn arúgbó kan ń pe Bàbá ní Awọnkoríko, wọ́n sì máa ń dáhùn.

Òótọ́ ni pé koríko ni wọ́n wọ̀n. Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ń kàwé fún ìdánwò. Wọ́n kan igi mẹ́rin pọ̀ bí fèrèsé tí kò ní ilẹ̀kùn. Wọ́n á gbé e lé orí koríko nínú àbàtà, wọ́n á gé gbogbo èyí tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sá a sórí páànù, wọ́n á sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní òjò àti ní ọ̀gbẹlẹ̀, nítòsí omi àti níbi tó jìnnà sómi, wọ́n sì ń bu ẹrẹ̀ ibẹ̀ sínú ìgò. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní ilẹ̀ òfò yẹn ń hu koríko ju bí oko àgbàdo tó dára ní Ìwó ṣe ń hu àgbàdo lọ. Ènìyàn ò jẹ koríko náà, màlúù ò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kú, ó ń jẹrà, omi ń gbé e lọ, edé ń jẹ ẹ́, ẹja ń jẹ edé. Mo ní ṣé oko wá ni àbí oko kọ́. "Oko ni," ni Bàbá wí. "Àwọn tó ń jẹ níbẹ̀ ni kì í ṣe èèyàn."

Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹnu Ìyá àgbà ni mo ti gbọ́ ọ.

Ohun tí iléeṣẹ́ náà ní lọ́kàn ni pé kí wọ́n mọ ògiri amọ̀ yí àbàtà náà ká, kí omi òkun má lè wọlé mọ́, kí ilẹ̀ náà gbẹ, kí àwọn ará abúlé sì gbin ìrẹsì síbẹ̀. Inú gbogbo èèyàn ló dùn sí i. Inú Bàbá pàápàá dùn. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún Baálẹ̀ abúlé náà bí ìrẹsì yóò ṣe sọ wọ́n di olówó. Ṣé Bàbá ti kọ́ èdè àwọn Ìlàjẹ dáadáa nígbà náà, àwọn sì ni ògbufọ̀ ọ̀gá wọn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bàbá sá ẹrẹ̀ kan sórí páànù lẹ́yìn ilé, òjò ò sì rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ẹrẹ̀ náà gbẹ dénú, nǹkan kan yọ lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, àwọ̀ rẹ̀ dà bí pupa ẹyin. Bàbá ki pépà tí wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan sí bọ̀ ọ́, pépà náà pọ́n, àmì pé ilẹ̀ náà kan. Ẹrẹ̀ kan náà ni wọ́n ti yẹ̀ wò nígbà tó tutù, pépà ò sì yí padà rárá. Wọ́n gbin ìrẹsì sínú agolo, apá kan sínú ẹrẹ̀ tútù tí wọ́n ti fi omi òjò fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò, apá kan sínú èyí tó ti gbẹ tí wọ́n fọ̀ bákan náà. Ti ẹrẹ̀ tútù hù. Ti ẹrẹ̀ gbígbẹ yọ orí, ó pọ́n, ó kú. Wọ́n tún un ṣe, ó tún kú. Bàbá wá mọ̀ pé iyọ̀ kọ́ ni ìṣòro ilẹ̀ náà. Imí ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí omi bá bò ó, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bí wọ́n bá mú omi kúrò tí afẹ́fẹ́ kàn án, yóò di omi kíkan tó ń pa gbòǹgbò, kò sì ní tètè kúrò níbẹ̀.

Wọ́n sọ fún ọ̀gá wọn. Ọ̀gá náà wo agolo náà títí, kò bá Bàbá jiyàn. Ó ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókè. Èsì tó padà wá ni pé iyọ̀ lásán ni, òjò yóò fọ̀ ọ́ kúrò, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gá náà ti ń múra àtipadà sílé, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún Bàbá pé iṣẹ́ àwọn kọ́ ni láti dẹ́rù ba àwọn ará abúlé.

Ọjọ́ tí abúlé máa gba iṣẹ́ náà tàbí kọ̀ ọ́ wá pé. Gbogbo wọn jókòó sórí iyanrìn níwájú ilé Baálẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ náà yóò gbẹ, Bàbá sọ ọ́. Ó ní òjò yóò fọ̀ ọ́, Bàbá sọ ọ́. Ó ní ìrẹsì yóò kún abà wọn, Bàbá sọ ìyẹn náà, wọn ò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀gá jókòó. Bàbá ò jókòó.

"Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi parí sí nìyẹn," ni wọ́n wí. "Èyí tó kù, èmi Làmídì ni mo ní i. Ìrẹsì náà máa kú."

Wọ́n gbé agolo méjèèjì jáde, wọ́n gbé wọn síwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ wo agolo, ó wo Bàbá, ó ní ṣé kì í ṣe ìwọ yìí náà lo sọ fún wa lọ́jọ́sí pé yóò dára.

"Èmi náà ni, Baálẹ̀," ni Bàbá dáhùn. "N ò tíì jẹ́ kó gbẹ nígbà yẹn."

Baálẹ̀ wá ní kí Bàbá túmọ̀ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ̀gá wọn, kó lè gbọ́ ọ. Bàbá túmọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ojú ọ̀gá náà pọ́n. Baálẹ̀ bá àwọn àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ní àwọn ò kọ̀, àwọn ò sì gbà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ògiri yí ibi kékeré kan ká, tí kò ju iyàrá kan lọ, kí ó gbẹ, kí wọ́n gbin nǹkan síbẹ̀, kí ojú gbogbo abúlé rí i.

Kí wọ́n tó mọ ògiri kékeré náà tán, iléeṣẹ́ ti ní kí Bàbá máa lọ sílé.

Bí Bàbá ṣe dé Ìwó láìníṣẹ́ nìyẹn. Àwọn èèyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí kò dùn wọ́n tó ọ̀rọ̀ Alfa Búráímọ̀. Owó iṣẹ́ kọ́ ló ń bí Alfa nínú. Ó ní àmánà ni iṣẹ́ ògbufọ̀, ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lé ọ lẹ́nu kí o fi jíṣẹ́, o wá fi tìrẹ kún un. Ó ní bí ẹni tó ń ka kéwú fún àwọn tí kò gbọ́ Lárúbáwá bá ń fi tirẹ̀ kún un, kí ni yóò kù nínú ẹ̀sìn. Bàbá kì í bá ẹ̀gbọ́n wọn jiyàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì fèsì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo jíṣẹ́ náà pé. Mo sì fi ibi tí tiẹ̀ parí sí hàn wọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ tèmi."

Alfa ní ìdáhùn náà kò tó. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ń kí ara wọn, wọ́n ń kírun pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jọ jẹun nínú abọ́ kan mọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ará ilé Ìyá àgbà ń rò ó bóyá kí wọ́n fi ọmọ wọn fún ọkùnrin tí kò níṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún Bàbá kí Bàbá tó lọ sétí òkun. Bàbá lọ bá Ìyá àgbà fúnra wọn, wọ́n ní bó bá fẹ́ yí ọkàn padà, àwọn ò ní bínú. Ìyá àgbà ní ìbéèrè kan péré ni òun bi wọ́n.

"Ṣé lóòótọ́ ni ìrẹsì náà kú?"

Bàbá ní ó kú, ẹ̀ẹ̀mejì ni.

"Kí ni wọ́n wá fẹ́ kẹ́ ẹ sọ?"

Ìyá àgbà ní bí òun ṣe sọ ìyẹn tán, Bàbá jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀, wọn ò sì dìde fún ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó ti sọ irú rẹ̀ fún wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ìgbéyàwó wọn ò ní ariwo púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láàárín gbogbo ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ wọn, n ò rí ọjọ́ kan tí Bàbá ṣe ohun tó tóbi láìkọ́kọ́ bi Ìyá àgbà.

Ọdún yípo. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró níwájú ilé wa, ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì náà sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ń lọ sí ìlú rẹ̀ pátápátá, ó sì ní kí dírẹ́bà òun yà sí Ìwó. Alfa Búráímọ̀ wà lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Ọ̀gá náà bọ́ fìlà, ó kí i, ó sì dojú kọ Bàbá, ó sọ̀rọ̀ gan-an. Alfa ní kí ni àlejò ń wí.

"Ó ní òun kí yín," ni Bàbá wí. "Òun ń padà sílé."

Dírẹ́bà, ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wúkọ́. Ó bẹ Alfa kó má bínú, ó ní ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ohun tí àlejò sọ ni pé wọ́n gbin ìrẹsì sínú ibi kékeré tí wọ́n yí ká náà, gbogbo rẹ̀ ló kú, ẹja inú kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pàápàá kú, abúlé sì kọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ti gbé ìrẹsì lọ sókè odò níbi tí omi òkun kì í dé, ó sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ó ní àlejò sọ pé ẹnu òun ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ti jáde, òun ló fi sílẹ̀ fún Làmídì, òun sì ti sọ fún wọn n'Íbàdàn pé kí wọ́n wá iṣẹ́ fún un nítòsí ilé rẹ̀.

Alfa wo àbúrò rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀.

"Níjọ́sí o fi kún un," ni Alfa wí. "Lónìí o yọ nínú rẹ̀. Ọjọ́ wo lo máa wá jíṣẹ́ bó ṣe rí?"

Ìyá àgbà ní ẹ̀rín ló tẹ̀ lé e, Alfa ló sì kọ́kọ́ rín. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún àlejò. Nígbà tí àlejò lọ, ó fi abọ́ tirẹ̀ síwájú, ó sì ní kí Bàbá sún mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tí Bàbá rí lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ Ìwó, Kuta àti Ilé-Ogbó. Wọn ò di ọ̀gá ńlá. Ọ̀pọ̀ oko tó ti ṣá ni wọ́n bá àwọn olóko jí dìde, bí àgbẹ̀ kan bá sì sọ pé ilẹ̀ òun ti kú, Bàbá á ní, "Ó lè jẹ́ pé o ò tíì bi í ní ohun tó fẹ́ ni."

Ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó kú, mo bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ rí etí òkun náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti rò pé wọ́n á ní ó jìnnà. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, wọ́n ti ń wá bàtà. Mo wa ọkọ̀ dé ibi tí ọ̀nà parí sí, ọ̀dọ́bìnrin kan sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa. Àbàtà náà ṣì wà. Koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ títí dé ibi tí ojú mi lè rí dé, àwọn obìnrin dúró sínú omi dé ìbàdí, wọ́n ń fi àwọ̀n kó edé. Ọ̀dọ́bìnrin náà sọ fún wa pé owó edé ibẹ̀ ló rán òun nílé ìwé, òun àti gbogbo ẹni tí òun mọ̀.

A kí Baálẹ̀. Ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì bi Bàbá bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dé ìlú àwọn nìyí. Bàbá ní àwọn ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ nígbà kan. Mo béèrè bóyá ó ti gbọ́ nípa ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ gbìn síbẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ronú, ó bi àwọn àgbà méjì tó jókòó tì í. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí. Ọ̀kan nínú wọn ní ta ni yóò gbin ìrẹsì sínú omi iyọ̀, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ó dùn mí. Mo ti la ẹnu láti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ẹni tó jókòó síwájú wọn àti ohun tó ná an, ni Bàbá bá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. Ojú wọn ń dán. N ò rí ayọ̀ tó tó ìyẹn lójú wọn rí, kódà lọ́jọ́ tí mo gboyè jáde.

"Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, Àṣàkẹ́," ni wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́, "ta ni yóò rántí rẹ̀?"

Wọ́n yíjú sí ìta. Omi òkun ti ń wọlé bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín koríko, àwọn obìnrin náà sì ń pe ara wọn pé kí wọ́n gbé agbọ̀n sókè.